Mo fẹ́ ra àlòkù máṣíìnì, n kò gùn ún rí: ẹ gbà mí nímọ̀ràn (Iléṣà sí Òṣú)

Tíṣà Ọ̀nà Òṣú
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará Ifẹ̀ àti Iléṣà. Olùkọ́ ni mí, Ìsọ̀kùn ni mò ń gbé ní Iléṣà níbí, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi lọ sí ilé-ìwé abúlé kan lẹ́yìn Òṣú. Láti títì wọ inú abúlé yẹn, ilẹ̀ pupa ni, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pọ̀, ọkọ̀ kì í sì í sábà wọ ibẹ̀. Owó ọ̀kadà ti fẹ́ jẹ owó oṣù mi tán. Mo wá pinnu pé n ó ra tèmi, àlòkù sì ni agbára mi ká. Ẹ̀yìn ọ̀kadà ni mo ti ń jókòó láti kékeré, n kò di hándù rẹ̀ mú rí.

Mẹ́ta ló wà níwájú mi. Àkọ́kọ́ ni Boxer 100 tí ọkùnrin kan ládùúgbò wa fi ń ṣe ọ̀kadà. Ó fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó sì fẹ́ tà á kíákíá. Èkejì ni Honda 125 tòkúnbọ̀, ti bàbá kan tó fẹ̀yìn tì ní yunifásítì Ifẹ̀. Wọ́n ní kò rìn púpọ̀, abẹ́ igi máńgòrò ló wà ọjọ́ ti pẹ́. Ẹ̀kẹta, àbúrò mi ọkùnrin tó wà l'Ékòó ní òun rí máṣíìnì ẹ́ńjìnnì ńlá kan, 250, tó rẹwà gan-an ní owó pọ́ọ́kú. Èwo ni kí n mú? Kí ni kí n sì wò lára rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Mẹkáníìkì Ìlódè
Àǹtí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ ti Èkó kúrò níbẹ̀. N kò sọ pé 250 burú o, ṣùgbọ́n máṣíìnì tí ènìyàn fi ń kọ́ṣẹ́ á ṣubú, bó pẹ́ bó yá. Boxer 100 fúnra rẹ̀ wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì méjì lọ. Tí èyí tó tún jù ú lọ bá wá dùbúlẹ̀ lé yín lẹ́sẹ̀ nínú igbó kòkó, ta ni á bá yín gbé e? Bí wáyà kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ (èyí tí a ń tẹ̀ kí a tó pààrọ̀ gíà) bá sì já, àfi kí wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́ láti Èkó. Ti Boxer àti ti TVS, ọmọ iṣẹ́ mi á fẹsẹ̀ rìn lọ rà á dé kí n tó tú nọ́ọ̀tì tán.

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ ṣe kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ gun orí rẹ̀ kí wọ́n tó tan án, kí ẹ wò ó bóyá ẹsẹ̀ yín méjèèjì balẹ̀ pẹrẹsẹ. Tó bá jẹ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan ló kan ilẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ olówó rẹ̀, ẹ máa lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má sọ aago tí ẹ ń bọ̀ fún ẹni tó fẹ́ tà á. Ẹ jí dé bá a, kí ẹ sì ti sún ẹ̀yìn ọwọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó kí i tán. Tó bá ti gbóná, wọ́n ti tan án sílẹ̀ dè yín nìyẹn. Ẹ lọ jẹ ẹ̀wà, ẹ padà wá nígbà tó bá tutù. Ẹ́ńjìnnì tó ti rẹ̀ máa ń ṣagídí láàárọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti gbóná tán, kò sí èyí tí kò ní dún dáadáa létí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Bó bá tan, ẹ wo ẹnu sàlẹ́ńsà. Èéfín funfun fẹ́ẹ́rẹ́ tó pòórá láìpẹ́, ìrì òwúrọ̀ lásán ni. Èyí tó bá ní àwọ̀ búlúù, tí kò lọ, ọ́ìlì ló ń jó nínú ẹ́ńjìnnì yẹn: ríìngì ti jẹ, tàbí kí rọ́bà ìdí fáàfù ti le. Owó ńlá ni. Dúdú kò burú tó bẹ́ẹ̀, epo ló ń wọlé jù, a lè tún kábúrétọ̀ rẹ̀ ṣe. (Àwọn àtijọ́ tó máa ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo, irú Jincheng AX100, èéfín ni iṣẹ́ tiwọn, ẹ má fi wọ́n ṣe òdiwọ̀n.)

Ṣéènì ńkọ́? Bó bá ní ìbòrí, ẹ ní kí wọ́n tú u. Ẹ fi ìka fa ṣéènì sẹ́yìn níbi tó ti yí irin eléyín tó wà lára táyà ẹ̀yìn ká. Tó bá gbéra débi pé ẹ ń rí ìdajì eyín náà, ó ti jẹ. Bí eyín bá ti rí ṣónṣó tó sì tẹ̀ sí apá kan, ṣéènì àti irin eléyín méjèèjì ni ẹ máa pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá pààrọ̀ ẹyọ kan, èyí tó gbó á ba èyí tuntun jẹ́ láìpẹ́.

Ẹ gbé e sórí sítáńdì àárín, kí ẹnìkan tẹ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ kí táyà iwájú lè kúrò nílẹ̀, kí ẹ wá yí hándù sọ́tùn-ún sósì jẹ́jẹ́. Bó bá ń há ní àárín gbùngbùn, bíárìn ọrùn rẹ̀ ti lọ. Ẹ gbá táyà náà mú, kí ẹ mì í: kò gbọdọ̀ jì. Kí ẹ tẹ ṣọ́ọ̀kì iwájú wọlé, kí ẹ sì fi ìka nu ọ̀pá rẹ̀. Bí ìka bá mú ọ́ìlì bọ̀, rọ́bà inú rẹ̀ ti ya.

Nọ́ńbà kìlómítà tó wà lójú rẹ̀, ẹ má fi ṣe nǹkankan. Wáyà kékeré kan ló ń yí i, ẹnikẹ́ni ló sì lè yọ ọ́. Rọ́bà ibi ìtẹsẹ̀, ojú irin bíréèkì ẹsẹ̀ àti àga ni ẹ máa wò. Wọn kì í parọ́.

Bàbá Ọlọ́kadà Lágere
Ọmọ mi, ẹnìkan ń bọ̀ wá sọ fún ọ níbí láìpẹ́ pé kí o má ra èyí tí wọ́n ti fi ṣe ọ̀kadà. Kí n tètè sọ tèmi kí wọ́n tó dé. Máṣíìnì tí ènìyàn fi ń jẹun, ó máa ń tọ́jú rẹ̀. Bí ọ́ìlì bá dúdú, ó mọ̀. Bí bíréèkì bá ń ké, ó gbọ́. Èyí tó wà lábẹ́ igi máńgòrò láti ọjọ́ yìí wá, ta ló ń gbọ́ ti ìyẹn? Epo ti dì nínú kábúrétọ̀ rẹ̀, táǹkì ti dípẹtà nínú, gbogbo rọ́bà ti le. Ṣí ìdérí táǹkì, kí o tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ sínú rẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá pupa bí ilẹ̀ Òṣú, wàá máa fọ kábúrétọ̀ títí ó fi sú ọ.

Kí o sì wo ẹ̀gbẹ́ táyà. Wàá rí nọ́ńbà mẹ́rin kan nínú àpótí róbótó kékeré. Bí wọ́n bá kọ 2319 síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà lè máa dán kí ó sì ti gbó. Ẹni tó ń tà á kò ní sọ ìyẹn fún ọ.

Ọmọ Obòkun
Èmi ni ẹnìkan tó ń bọ̀ náà, bàbá 😄. Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ kò sọ ìyókù fún tíṣà. Ọ̀kadà tó ń ná ọ̀nà oko ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, èrò méjì tàbí mẹ́ta ló ń gbé, pẹ̀lú àpò kòkó níwájú. Ẹ dùbúlẹ̀, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀ dáadáa. Níbi tí ọ̀pá tó gbé àga ti pàdé ara rẹ̀ àti níbi tí apá ẹ̀yìn ti so mọ́ ọn, ẹ máa rí i bóyá wọ́n ti jó o pọ̀. Ojú ibi tí wọ́n jó irin sí kì í ṣòro mọ̀, kódà bí wọ́n bá kùn ún. Ibi ìkẹ́rù tí wọ́n jó mọ́ ẹ̀yìn kò bà mí lẹ́rù, gbogbo ọlọ́kadà ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ egungun rẹ̀ gan-an ni wọ́n jó, n kò ní gbà á bí wọ́n bá tilẹ̀ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí ẹ tún dúró níwájú rẹ̀ bíi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, kí ẹnìkan di hándù mú tààrà. Táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan náà. Bí wọn kò bá dọ́gba, ó ti kọlu nǹkan rí.

Ọlọ́jà Sábó
Mo ní máṣíìnì Qlink tó mọ́ tónítóní fún títà. Kó sówó lórí rẹ̀ rárá. Kí tíṣà kàn sí mi ní ìkọ̀kọ̀.

Alábòójútó
Ọlọ́jà, ìmọ̀ràn là ń fún ènìyàn níbí. Ẹ gbé e lọ sí ibi ìpolówó.

Akọ̀wé Kóòtù
Ẹ̀yin ń sọ ti irin, kò sẹ́ni tó tíì mẹ́nu ba ìwé. Èmi ni kò ní jẹ́ kó sùn.

Ẹni tó ń tà fún yín lè má jẹ́ ẹni tó ni ín. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ló ń gba máṣíìnì lọ́wọ́ olówó, wọ́n á máa ṣiṣẹ́, wọ́n á máa san díẹ̀díẹ̀, títí owó á fi pé tí máṣíìnì á di tiwọn. Àwọn mìíràn kì í dúró kó pé kí wọ́n tó tà á. Ọjọ́ tí olówó bá rí i níwájú ilé-ìwé yín, á gbé e lọ, owó yín á sì wọgbó. Ìjẹ̀ṣà kúkú ni wá, kò sẹ́ni tó yẹ kó kọ́ wa ní òṣómàáló. Onígbèsè ló lọ, àmọ́ ẹ̀yin ni wọ́n máa wá lóṣòó tì.

Nítorí náà: ẹ bèèrè rìsíìtì ìgbà tí wọ́n rà á ní tuntun, àti ìwé tó fi hàn pé ẹni náà ló ni ín. Nọ́ńbà ṣásíìsì wà lára ọrùn rẹ̀, níbi tí hándù ti wọlé. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà lára ẹ́ńjìnnì nísàlẹ̀. Ẹ fi àkísà nu méjèèjì, kí ẹ kà wọ́n lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn pẹ̀lú tinú ìwé. Bí wọ́n bá ti fi fáìlì ha ibẹ̀, tàbí tí lẹ́tà kan wọ́ ju ìyókù lọ, ẹ má jiyàn, ẹ má bèèrè ìdí, ẹ kàn sọ pé ẹ ń lọ bá ọkọ yín sọ̀rọ̀. (Bí ẹ kò bá ní ọkọ, ẹ yá ti ẹnìkan lò fún ọjọ́ yẹn.)

Ẹ kọ ìwé àdéhùn, kí ẹlẹ́rìí kan buwọ́ lù ú ní apá kọ̀ọ̀kan. Ẹ ya àwòrán káàdì ìdánimọ̀ ẹni tó ń tà á. Ẹ san owó náà ní báńkì kí ó ní ẹ̀rí. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe áfídéfì, kí ẹ sì lọ yí orúkọ inú ìwé sí tiyín ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ọkọ̀. Láìsẹ́nsì tiyín náà wà níbẹ̀: Kíláàsì A ni ti alùpùpù. Láìsẹ́nsì mọ́tò nìkan kò tó.

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀ṣà
Àbúrò mi, inú mi dùn pé obìnrin ló bèèrè. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ló sọ mí di ẹni tó ń gun máṣíìnì, láti abúlé dé abúlé. Àwọn ọkùnrin yìí ti sọ ti ẹ́ńjìnnì, jẹ́ kí n sọ èyí tí wọn kì í rántí.

Ìró kò bá a lọ. Bí etí ìró tàbí gèlè gígùn bá wọ inú ṣéènì tàbí irin táyà, ilẹ̀ lo máa bá ara rẹ. Wọ ṣòkòtò, kí o ká aṣọ tíṣà rẹ sínú báàgì, kí o pààrọ̀ bí o bá débẹ̀. Ọwọ́ òsì ni kí o ti máa gùn ún, kí o sì máa sọ̀ kalẹ̀, torí ọwọ́ ọ̀tún ni sàlẹ́ńsà Boxer wà. Wo ojúgun àwọn tó ń gun ọ̀kadà ní Iléṣà, wàá rí àpá rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ wọn.

Akoto: ra tuntun. Máṣíìnì lè jẹ́ àlòkù, akoto kò gbọdọ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí fóòmù inú rẹ̀ máa ń rún bí ó bá ti gba ìṣubú kan, ojú kò sì ní rí i láti ìta. Kí ó há ọ lórí díẹ̀, kí o so okùn rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n. Ṣé ẹ rántí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, tí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fipá mú ènìyàn dé e, tí àwọn kan ń dé igbá àti ìkòkò jáde? A rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Ẹni tó bá ti bá wa gba àwọn tó forí gbá títì ní yàrá pàjáwìrì kò ní rẹ́rìn-ín.

Má gbé e gba títì Ifẹ̀ sí Iléṣà ní oṣù àkọ́kọ́. Àwọn tírélà tó ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ kò ní dúró de ẹni tó ń wá gíà. Wọ ọkọ̀ dé Òṣú, kí o fi máṣíìnì síbẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ṣeé fọkàn tán, kí o máa gùn ún láti títì wọ abúlé nìkan títí ọwọ́ rẹ á fi balẹ̀.

Bàbá Ọlọ́kadà Lágere
Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Èyí tí ẹ sọ gbẹ̀yìn yẹn ló dára jù nínú gbogbo ohun tí a ti kọ.

Kí n fi ti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kún un. Bí o bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, fi sí gíà kejì, kí o dẹ ọwọ́ lórí epo, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ á máa fà á sẹ́yìn. Wàá rí àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pa ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n á fi sí fíríì kí ó máa yí lọ. Owó epo ni wọ́n ń ṣọ́. Má bá wọn ṣe é. Bíréèkì nìkan ló kù fún wọn, bí ìyẹn bá sì gbóná, kò ní mú mọ́.

Lórí títì ọ̀dà, bíréèkì iwájú ló ń dá máṣíìnì dúró jù, fi iwájú àti ẹ̀yìn pọ̀. Lórí ilẹ̀ pupa tó ní yanrìn tàbí tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, tẹ ti ẹ̀yìn, kí o kàn fọwọ́ ba ti iwájú díẹ̀. Bí o bá fún un pa níbẹ̀, á yọ̀ gbà ọ́ lábẹ́.

Tíṣà Ọ̀nà Òṣú
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti sọ fún àbúrò mi pé kó fi 250 rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń bínú.

Mo lọ wo méjì tó kù. Boxer: ẹsẹ̀ mi balẹ̀ dáadáa. Ó tutù nígbà tí mo dé, ó tan láìṣagídí, kò sí èéfín búlúù. Ṣéènì rẹ̀ gbéra bí mẹkáníìkì ṣe sọ, hándù sì ń há ní àárín. Wọ́n jó ibi ìkẹ́rù, ṣùgbọ́n n kò rí ojú iná kankan lára egungun rẹ̀. Nọ́ńbà méjèèjì bá ìwé mu. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé orúkọ ẹlòmíràn ló wà lórí rìsíìtì. Ó ní ẹ̀gbọ́n ìyàwó òun ni.

Honda: ìwé rẹ̀ pé pérépéré, orúkọ bàbá náà ló wà lórí gbogbo rẹ̀. Ara rẹ̀ ń dán. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú táǹkì, ó pupa. Nọ́ńbà táyà parí pẹ̀lú 11. Kò tan títí mo fi kúrò níbẹ̀. Ó sì ga, ìka ẹsẹ̀ mi nìkan ló kan ilẹ̀.

Mẹkáníìkì Ìlódè
Honda ti dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́ nìyẹn. Bí ẹsẹ̀ yín bá balẹ̀ ni, mo lè ní ká fọ táǹkì, ká pààrọ̀ táyà méjèèjì, ká wo inú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Honda lágbára, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò balẹ̀ á máa bẹ̀rù rẹ̀, ẹni tó bá sì ń bẹ̀rù kì í kọ́ ọ dáadáa.

Ohun tó ṣe Boxer yẹn, nǹkan tó ń jẹ tí a ń pààrọ̀ ni. Ṣéènì, irin eléyín méjèèjì, bíárìn ọrùn: iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ sórí ìwé, ẹ bèèrè iye wọn lọ́dọ̀ mẹkáníìkì Iléṣà tó sún mọ́ yín, kí ẹ mú ìwé náà lọ fi dúnàá dúrà. Ẹ má ná gbogbo owó ọwọ́ yín lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ mẹ́wàá lẹ ní, kí mẹ́jọ lọ fún máṣíìnì, kí méjì kù fún akoto, ìwé àti àtúnṣe. Ọjọ́ tí ẹ bá gbé e délé, ẹ da ọ́ìlì inú rẹ̀ nù, ẹ fi tuntun sí i, láìka ohun tí wọ́n bá sọ fún yín sí. Ní ọyẹ́, ẹ máa fọ ohun tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀ léraléra, eruku ọ̀nà yín yẹn kò dára.

Akọ̀wé Kóòtù
Ẹ̀gbọ́n ìyàwó yẹn gbọ́dọ̀ wá fúnra rẹ̀. Kò sí lẹ́tà, kò sí ìpè orí fóònù. Kó wá jókòó, kó buwọ́ lùwé, kí ẹ ya káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, kò ní ṣòro, àna ni wọ́n ṣáà ń pe ara wọn. Bí wọ́n bá ń sọ pé ó rìnrìn-àjò, ẹ dá owó yín padà sí báńkì. Boxer pọ̀ nílẹ̀ yìí.

Tíṣà Ọ̀nà Òṣú
Wọ́n ti gbà. Ọjọ́rú ni wọ́n máa wá, mẹkáníìkì àdúgbò wa àti ọ̀gá ilé-ìwé mi sì máa jókòó tì mí. Bí ọkùnrin náà kò bá wá, n kò rà. Ó wá ku ẹni tó máa kọ́ mi. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin àdúgbò ti ń yọ̀ǹda ara wọn, ṣùgbọ́n eré tí wọ́n ń sá kò jẹ́ kí n gbà.

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀ṣà
Má gbà fún wọn. Mo máa ń wá sí ìhà Òṣú lọ́jọ́ Sátidé. Bí ìwé bá parí, kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀, ká pàdé ní pápá ilé-ìwé tìẹ gan-an ní aago méje àárọ̀, kí oòrùn tó mú. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, o kò ní fún un lépo rárá: kílọ́ọ̀ṣì ni wàá máa tú sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí wàá máa fi ẹsẹ̀ bá a rìn. Wọ bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, kí ó má ṣe jẹ́ olókùn. Okùn bàtà máa ń kọ́ irin gíà.